Ọ̀dọ́ tí kò ní páálí Ireland lè dìbò, ó sì lè di káńsílọ̀: bó ṣe rí gan-an nìyí

Bí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá ti ń súnmọ́ ní Ireland, tí wọ́n bá ti ń so fọ́tò àwọn olùdíje mọ́ òpó iná ní Blanchardstown, Balbriggan, Tallaght àti Drogheda, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa: “Kò kàn wá. Ẹ jẹ́ ká gba páálí ná,” ìyẹn ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè Ireland. Òbí á sọ ọ́ fún ọmọ, ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ á sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí ẹni pé inú ìwé òfin ni wọ́n ti kà á.

Kò sí nínú ìwé òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tó sì fi Ireland ṣe ibùgbé, lè dìbò yan káńsílọ̀, ó sì lè jáde kí wọ́n dìbò yan òun náà. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló mú dání ni o, ti Brazil ni o, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti jáde tàbí ó ṣì ń retí èsì lórí ìbéèrè rẹ̀ fún ààbò, ẹ̀tọ́ yẹn kò yàtọ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgboro, tí wọ́n sì ń kọ́ èdè Irish ní kíláàsì. Nínú ìkànìyàn ọdún 2022, àwọn tó lé ní 750,000 ló sọ pé àwọn ń sọ èdè mìíràn nílé yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì àti Irish, ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo èrò inú rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ inú ilé wọ̀nyí ló ń gba fóònù tí ọ́fíìsì bá pe bàbá, àwọn ló ń ka lẹ́tà tó bá wọlé. Kí wọ́n tó pé ogún ọdún, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró láàárín ẹni méjì tí kò gbọ́ ara wọn yé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sábà sọ fún wọn ni ibi tí wọ́n lè gbé ìmọ̀ yẹn dé.

Àwọn orúkọ tó máa ń rú èèyàn lójú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn ilé ìjọba sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Káńsù ni ìjọba ìbílẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n (31) ni wọ́n ní gbogbo Ireland, 949 sì ni iye àga tó wà nínú gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó bá jókòó sórí ọ̀kan nínú àga wọ̀nyẹn ni káńsílọ̀, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń dìbò yàn wọ́n. Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn, nítorí náà ọdún 2029 ni òmíràn.

Dáil ní tirẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ní Dublin. TD ni wọ́n ń pe ọmọ ilé náà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ páálí ti wọlé: ọmọ orílẹ̀-èdè Ireland nìkan ló lè di TD. Àwọn ọmọ Ireland àti àwọn ará Britain tó ń gbé ibẹ̀ ló sì lè dìbò yàn wọ́n. Ìdìbò ààrẹ àti ìdìbò lórí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀, ọmọ Ireland nìkan. Ẹni tó bá gbọ́ “ìdìbò” tó wá rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, òun ló ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé kò kàn wá.

Ẹ̀kẹta ni Comhairle na nÓg, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ káńsù kọ̀ọ̀kan. Mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ṣé ọmọ tó ń túmọ̀ fún òbí rẹ̀ ti di aṣáájú nìyẹn?

Rárá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ìyìn tí à ń kó fún àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń bo ohun tó yẹ ká ṣàtúnṣe mọ́lẹ̀.

Ògbufọ̀ ni ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọjá láìfi tirẹ̀ kún un. Bí dókítà bá sọ ohun tó burú, kò gbọdọ̀ dín in kù. Bí aláìsàn bá bínú, kò gbọdọ̀ pa ìbínú náà mọ́. Iṣẹ́ tí àgbàlagbà ń kọ́, tí wọ́n ń sanwó fún, ni. Ìdí nìyẹn tí HSE, àjọ ìlera ìjọba Ireland, fi ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀, kí wọ́n pe ẹni tó mọṣẹ́. Aláìsàn kọ́ ló ń sanwó rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba. Ní àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ òfin European Union tó jáde ní ọdún 2010. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ṣàlàyé àìsàn inú ìyá rẹ̀ fún dókítà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé “ẹ bá wa wá ògbufọ̀.” Kì í ṣe àrífín. Ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́ gbogbo ohun tó wà lára ìyá rẹ̀. Bó bá sì ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀, òun ni wọ́n á máa dá lẹ́bi nílé.

Àwọn Yorùbá kan á ní àwọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Syria àti Ukraine nìyí. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wa, àmọ́ ẹ má gbàgbé ìyá àgbà tó wá tọ́jú ọmọ ọmọ, ẹ má sì gbàgbé àwọn èèyàn wa láti Kétu àti Ìdáṣà ní Benin, tó jẹ́ Faransé ni wọ́n kọ́ ní ilé ìwé. Àní ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá lè má mọ ohun tí lẹ́tà káńsù ń béèrè gan-an, ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sílé ìwé níbẹ̀ ló máa sọ fún un.

Níbo wá ni aṣáájú ti yàtọ̀ sí ògbufọ̀? Aṣáájú ní èrò tirẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ jáde níbi tí wọ́n ti ń pinnu nǹkan. Ọmọ tó ti túmọ̀ fún ìdílé mẹ́wàá mọ̀ pé fọ́ọ̀mù ilé káńsù máa ń da gbogbo wọn láàmú ní ojú kan náà. Bó bá kàn ń bá wọn kọ ọ́, ògbufọ̀ ni. Ọjọ́ tó bá lọ sí ìpàdé tó ní kí wọ́n tún ojú fọ́ọ̀mù náà ṣe, tó sì mú ẹlòmíràn dání, ó ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Kí ni ẹni tí kò tíì pé 18 lè ṣe?

Comhairle na nÓg wà fún àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17. Kò sí káńsù tí kò ní tirẹ̀ nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ló ń mú ọ̀rọ̀ tó bá ń dùn wọ́n, bóyá bọ́ọ̀sì tí kì í dé lásìkò, bóyá ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà nílé ìwé, wọ́n á sì gbé e tọ àwọn káńsílọ̀ àti òṣìṣẹ́ káńsù lọ. Àwọn aṣojú wọn tún máa ń pàdé ní Dáil na nÓg, ilé aṣòfin àwọn ọ̀dọ́, tó ti wà láti ọdún 2001.

Wọn kì í béèrè ìwé ìrìnnà. Nípasẹ̀ ilé ìwé tàbí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé, bí ilé ìwé ọmọ yín kò bá sì mẹ́nu bà á, ẹ kọ̀wé sí káńsù yín fúnra yín. Kí n má tàn yín, wọn kò lágbára láti pàṣẹ. Ohun tí ọmọ máa ń kó jáde níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé láìjà, àti nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn tó yẹ kó mọ̀.

Níbo ni ọ̀rọ̀ “ẹ gba páálí ná” ti wá?

Oṣù kẹfà, ọjọ́ 11, ọdún 2004 ni kí ẹ wò. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ Ireland dìbò láti tún òfin ìpìlẹ̀ wọn ṣe. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ tí wọ́n bá ti bí sórí ilẹ̀ Ireland ti di ọmọ Ireland, ẹni yòówù kí òbí rẹ̀ jẹ́. Nǹkan bí 79 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló ní kí wọ́n mú ìyẹn kúrò. Láti ìgbà tí òfin tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005 ni ipò òbí ti ń sọ ipò ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbọ̀-ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nígbà náà, orí àwọn ìyá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń gbé e kà. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lásìkò yẹn kò lè ṣàì ní ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń fà lé ọmọ lọ́wọ́.

Àmọ́ ìbò yẹn nìkan kọ́ ni wọ́n dì lọ́jọ́ náà. Wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ìyẹn, ìlú Portlaoise dìbò yan Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, sí káńsù ìlú wọn, Ennis náà sì yan Taiwo Matthew, dókítà láti Nàìjíríà. Ọdún 2000 ni Adebari dé Ireland tó sì béèrè fún ààbò. Wọn kò fún un. Torí ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí síbẹ̀ ni wọ́n fi gbà á láyè láti máa gbé. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò ríṣẹ́ ní Portlaoise, ó kàwé gboyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ìbáṣepọ̀ láàárín àṣà ní Dublin City University, àwọn aládùúgbò sì ti mọ̀ ọ́n kó tó jáde. Ní ọdún 2007, àwọn káńsílọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe olórí ìlú (mayor), ó sì di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di olórí ìlú ní Ireland.

Kì í ṣe ọ̀dọ́ nígbà yẹn, ó ti lé lógójì, wọ́n sì ti pa àwọn káńsù ìlú kéékèèké bí irú èyí rẹ́ ní ọdún 2014, tó jẹ́ pé káńsù ńlá nìkan ló kù. Síbẹ̀ ọ̀nà tó gbà wọlé ṣì ṣí. Ní 2019, Yemi Adenuga wọlé sí káńsù Meath láti Navan. Nígbà tó di 2021, Uruemu Adejinmi, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, di olórí ìlú ní Longford.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ìbò wọn?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń fi ìbò ṣòfò, torí kò jọ ti Nàìjíríà, kò sì jọ ti London. Wọn kì í tẹ̀ka. Nọ́ńbà ni ẹ máa kọ síwájú orúkọ: 1 fún ẹni tí ẹ fẹ́ jù, 2 fún ẹni tó tẹ̀ lé e, títí dé ibi tó bá wù yín.

Ẹ ronú pé ẹ rán ọmọ lọ sọ́jà: “Ra títù wá. Bí títù bá ti tán, ra kòte. Bí kòte ò bá sí, ra pánla.” Owó kan náà ni, ẹja kan ṣoṣo ló máa rà, àmọ́ kò ní padà wálé lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ ni ìbò yín ṣe rí. Bí ẹni tí ẹ fún ní 1 bá já, wọ́n á gbé ìbò náà fún ẹni tí ẹ fún ní 2.

Àgbègbè ìdìbò kan sábà máa ń ní àga márùn-ún sí méje. Láti mọ iye ìbò tó tó fún ẹni kan láti wọlé, wọ́n á fi ọ̀kan kún iye àga, wọ́n á fi pín gbogbo ìbò tó dára, wọ́n á sì fi ìbò kan kún èsì rẹ̀. Bí ìbò bá jẹ́ 8,000, tí àga sì jẹ́ 7, ẹ pín 8,000 sí ọ̀nà 8, ó di 1,000. Fi 1 kún un, 1,001. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti wọlé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àjẹṣẹ́kù rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ àwọn tí olùdìbò rẹ̀ fún ní 2. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dé ibẹ̀, wọ́n á yọ ẹni tó kéré jù, wọ́n á pín ìbò rẹ̀, wọ́n á tún kà. Ó lè gba ọjọ́ méjì mẹ́ta.

Ẹ wo ohun tí èyí ń fa. Olùdíje tó jẹ́ pé ìjọ tirẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n lè rí 400 ìbò nọ́ńbà 1 kó sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi yọ ọ́. Èyí tó ti kan ilẹ̀kùn bàbá àgbà Irish tó ń gbé ní òpin òpópónà, tó ti bá obìnrin ará Poland sọ̀rọ̀ nípa pápá eré àwọn ọmọ, lè má rí nọ́ńbà 1 wọn, àmọ́ á rí 3 àti 4, ìyẹn náà sì ni yóò gbé e wọlé nígbà tí wọ́n bá ka ìbò lẹ́ẹ̀kẹfà. Lójú tèmi, ọ̀nà ìkàbò yìí ń kọ́ni ní ìbágbépọ̀ ju àsè “ọjọ́ àṣà” lọ, níbi tí a ti ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì, tí a ń wé gèlè, tí a ń ya fọ́tò, tí oníkálukú sì ń padà sílé rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè méjì mẹ́ta ní àǹfààní tí owó kò lè rà níbi ilẹ̀kùn kíkàn.

Kí ni káńsílọ̀ lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Kò lè bá yín gba páálí. Kò ní agbára lórí físà, lórí ọlọ́pàá, lórí ọsibítù, tàbí lórí owó oṣù àwọn tíṣà. Kò tilẹ̀ ní agbára lórí ibi tí wọ́n á fi àwọn tó ń béèrè ààbò sí. Ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣe ìyẹn. Mo mẹ́nu bà á torí àwọn káńsílọ̀ ni àwọn ará àdúgbò máa ń kọjú ìbínú sí bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ṣí, ẹni tó bá sì lè dìde ní ìpàdé ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn ẹni tó ṣe ìpinnu náà gan-an ti pa iná kan kó tó ràn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ káńsù ni ilé ìjọba fún àwọn tí apá wọn kò ká ilé, ọ̀nà, ilé ìkàwé, pápá, panápaná àti àṣẹ ilé kíkọ́. Nínú ìyẹn, àwọn káńsílọ̀ ló ń fọwọ́ sí ìnáwó ọdọọdún àti ètò bí ilẹ̀ àgbègbè á ṣe máa jẹ́ lílò. Ọ̀gá àgbà káńsù àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ wa ni ti àwọn ìjọ tó ń lo ilé ìkẹ́rù ní àgbègbè ilé iṣẹ́. Wọ́n yá a, wọ́n tò ó, wọ́n gbé ẹ̀rọ ohùn sí i, lẹ́yìn náà lẹ́tà dé pé kò sí àṣẹ láti sọ ilé ìkẹ́rù di ilé ìjọsìn. Ìjọ á ní inúnibíni ni. Aládùúgbò á ní ariwo ni, ọkọ̀ ló dí ọ̀nà lọ́jọ́ Sunday. Méjèèjì lè má mọ̀ pé òfin ilẹ̀ lílò kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀. Káńsílọ̀ kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ fún ìjọ náà láṣẹ, àmọ́ ó lè jà kí ètò ilẹ̀ tó ń bọ̀ ní àyè fún ilé ìjọsìn. Ọ̀dọ́ ìjọ tó lè ka lẹ́tà náà, tó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn alàgbà ní Yorùbá, tó tún lọ bá aládùúgbò jókòó, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káńsílọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dìbò yàn án.

Bí n kò bá fẹ́ ṣe òṣèlú ńkọ́?

PPN (Public Participation Network) wà. Àkójọpọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ni, ọ̀kan fún káńsù kọ̀ọ̀kan, láti 2014. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ àwọn ìyá, gbogbo wọn lè forúkọ sílẹ̀, wọ́n á sì jọ yan aṣojú tí yóò jókòó nínú àwọn ìgbìmọ̀ kan ní káńsù pẹ̀lú àwọn káńsílọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Yorùbá tó ń ṣe ìpàdé oṣooṣù, tí wọ́n ní akọ̀wé àti akápò, kò forúkọ síbẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ náà lé ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́.

Mo ń díje tàbí mo ń dìbò: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fà kalẹ̀, ẹgbẹ́ ló máa fún un níwèé. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró nílò èèyàn 15 tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní àgbègbè yẹn kí wọ́n fọwọ́ sí i, tàbí kó fi €100 dógò. Ọlọ́pàá àti sójà kò lè díje. Kí ọ̀dọ́ tó ń gbèrò rẹ̀ mọ̀ pé àwọn olùdíje aláwọ̀ dúdú máa ń rí èébú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà mìíràn lójú títì pẹ̀lú. Kó má dá nìkan lọ kan ilẹ̀kùn.

Fún ìdìbò, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àwọn olùdìbò. Ẹ lọ sí checktheregister.ie pẹ̀lú nọ́ńbà PPS (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fúnni), ọjọ́ ìbí àti Eircode (àmì àdírẹ́sì) ilé yín. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà PPS á gba fọ́ọ̀mù, á sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà L níwájú orúkọ yín, ẹ má bẹ̀rù: ó túmọ̀ sí pé ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ni tiyín. Ọmọ ọdún 16 àti 17 náà lè forúkọ sílẹ̀ báyìí. Orúkọ á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan títí tó fi máa pé 18, á sì wọ inú ìwé náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kó kúrò ní ilé kan sí òmíràn, ẹ padà lọ yí àdírẹ́sì yín, torí àgbègbè tí àdírẹ́sì yẹn bá bọ́ sí ni wọ́n á ti ka ìbò yín.